Àdúrà Méjì Lórí Ìpè Ìdájí

Nígbà tí ìyá àgbà ìjọ wa tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ìlú mìíràn, n kò kọ́kọ́ mọ bí òfò náà ti pọ̀ tó. Òun ló ń sùn ti àwọn ọmọ wa méjèèjì ní alẹ́ tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ọkọ mi sì ń wa bọ́ọ̀sì. Ó lọ tán ni mo tó rí i pé orí ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ìgbé ayé wa dúró lé.

Mo bẹ ọ̀gá wọ́ọ̀dù mi pé kó yọ mí kúrò nínú iṣẹ́ alẹ́. Ó ní bí òun bá ṣe é fún mi, òun á ṣe é fún gbogbo wọn. Ọ̀nà kan ló kù lójú mi: kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí n máa ṣe ti ejẹ́ńsì tó ń wá iṣẹ́ ojúmọ́ fún nọ́ọ̀sì káàkiri, níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń yan ọjọ́ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí n sì máa padà wálé sùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kìlọ̀ fún mi pé bí àìsàn bá dé, ejẹ́ńsì kò ní sanwó fún mi, èmi nìkan ni n ó rù ú.

N kì í ṣe ẹni tí í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ odò. Ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ nípa ìdarí iṣẹ́ tí mò ń lọ ní Catford, wọ́n kọ́ wa pé ohun tí a kò bá tíì dán wò ní kékeré, kí a má ṣe gbé e karí. Nítorí náà mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ejẹ́ńsì kan, mo sì sọ fún ọkọ mi pé bí ìsinmi náà bá parí, n ó mọ èyí tí n ó ṣe.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ìdájí ni wọ́n ń pè, nígbà tí nọ́ọ̀sì kan níbì kan bá ti ní ara òun kò yá. Ẹni tí kò bá tètè gbé fóònù, wọn a pe ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í jí múra de fóònù. N ó ti wọ aṣọ iṣẹ́. Ọkọ mi, tó ń wakọ̀ ìrọ̀lẹ́ lákòókò náà, yóò ti jí pẹ̀lú ojú pípọ́n láti mú àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Nígbà mìíràn fóònù kò ní dún, n ó sì jókòó sí kíṣìnì nínú aṣọ iṣẹ́ títí di ọ̀sán. Lọ́jọ́ kan mo ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú kan kí wọ́n tó pè mí pé wọn kò nílò mi mọ́.

Nígbà tí mo padà dé, ọkọ mi wò mí. Ó ní, “Iṣẹ́ tí o ní o ó máa yan ọjọ́ rẹ̀, òun ló ń yan ọjọ́ fún ọ yìí.”

Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa. Ilẹ̀ kì í mọ́ bá wa láìgbàdúrà. A máa ń kúnlẹ̀ ní pálọ̀, oníkálukú á gbàdúrà tirẹ̀ sókè, àwọn yòókù á ṣe àmín. Lówúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n pè mí. Wọ́n ṣe àmín. Ó kan ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó di ojú rẹ̀, ó ní, “Ọlọ́run, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí fóònù Mọ́mì dún.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò mí. Ọmọ náà ṣì di ojú, ó ń retí àmín rẹ̀. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ ṣe é, jẹ́ẹ́. Èmi náà ṣe é, nítorí n kò mọ bí ìyá ṣe lè fi àmín du ọmọ rẹ̀. Kò tíì kúrò lẹ́nu mi tí fóònù fi dún.

Mo gbé e. Ilé ìtọ́jú kan ní Sydenham ni, wọ́n ní kí n máa bọ̀ kíákíá. Mo gbà. Bí mo ti ń wọ bàtà, mo sọ fún ọmọ náà pé bóyá bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Kò sunkún. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ gbé fóònù. Ọlọ́run kọ́.”

Títí mo fi dé Sydenham ni ọ̀rọ̀ yẹn ń yí nínú mi. Mo ti rò pé àìsí nílé mi lóru ló ń dun ọmọ. Ṣùgbọ́n alẹ́ tí wọ́n bá yàn fún mi ní wọ́ọ̀dù, ó máa ń mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀; á máa fi ìka kà á títí yóò fi kọjá. Ti ejẹ́ńsì kò ṣeé kà. Gbogbo ìdájí ni ìpè náà lè dé, ẹ̀rù rẹ̀ sì ni ọmọ náà ń jí bá.

Ìsinmi parí, mo padà sí wọ́ọ̀dù, n kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fún wa ní ètò iṣẹ́ tuntun. Alẹ́ Sátidé wà nínú tèmi, ọkọ mi náà yóò sì wà lójú ọ̀nà. Mo bẹ àwọn ìyá ìjọ, mo bẹ aládùúgbò. Kò sẹ́ni tó gbà. Nílé, mo jókòó ti ọmọ náà, mo sọ fún un pé n kò ní sùn sílé lálẹ́ Sátidé. Ó ka àwọn ọjọ́ náà, ó ní, “Ta ló máa wá sùn tì wá?”

Mo ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ṣì wà, pé Sátidé ṣì jìnnà, pé n ó ti rí ẹnì kan kó tó dé.