Ṣé Wọ́n Ń Ké?

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí àjẹ̀ ọkọ̀ ga jù mí lọ, èmi ni mò ń pọn omi mímu fún ilé wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ ayé píọ́wọ́tà. Lọ́dọ̀ wa níbí, lẹ́bàá Abereke, omi yí ilé ká, omi wà lábẹ́ ilé, síbẹ̀ òǹgbẹ lè pa èèyàn, nítorí omi òkun kò ṣeé mu. Inú àbàtà igi ògùrọ̀ lẹ́yìn ìlú ni adágún omi dídùn wà.

Àwọn àkèré kan ń gbé ibẹ̀. Wọn kò ju èékánná àtàǹpàkò bàbá mi lọ, àwọ̀ wọn kò sì yàtọ̀ sí ti ewé. Lọ́sàn-án, ẹ lè wò títí kí ẹ má rí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ lásìkò òjò, ha! Etí á fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Wọn kì í yé ẹyin sínú omi bíi kọ̀ǹkọ̀. Ara ewé tó tẹ̀ bo omi ni wọ́n ń yé e sí, á máa yọ̀ bí ògì tútù. Tó bá pa, àwọn ọmọ wọn onírù á máa já bọ́ sínú omi, tó, tó, tó. Mo máa ń jókòó sínú ọkọ̀ wò wọ́n títí n ó fi gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

Ìyá bàbá mi ló kọ́ mi pé àwọn àkèré yẹn kì í fara da omi iyọ̀. Bí òkun bá ru wọ àbàtà, ahọ́n èèyàn lè má tètè mọ̀, àkèré á ti mọ̀, wọ́n á sì dákẹ́. Nítorí náà, bí mo bá ti gbé garawa dé, ìbéèrè kan ló ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà: "Ṣé wọ́n ń ké?" Bí wọ́n bá ń ké, a ó dà á sínú àmù. Bí wọn kò bá ké, ó di kí n tukọ̀ lọ sí adágún òkè tí òkun kì í dé, ọ̀sán á sì pọ́n kí n tó dé.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan báyìí, àbúrò bàbá mi obìnrin ti ṣèlérí pé òun á mú mi lọ sí ọjà Ode Ugbo, òun á ra bàtà rọ́bà fún mi. Ọkọ̀ ọjà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òkun sì ti ru níjọ́ méjì sẹ́yìn. Mo dé adágún, ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Àwọn ọmọ onírù yẹn ti kú, wọ́n léfòó. Mo fọwọ́ tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bu omi.

"Ṣé wọ́n ń ké?"

"Wọ́n ń ké, Ìyá àgbà."

Ẹyin lohùn, ẹ̀yin ọmọ mi.

Àbúrò mi obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀lé ògiri rìn, ti ń yàgbẹ́ gbuuru láti àná. Omi yẹn ni ìyá mi fi se àgbo fún un. Àgbo ti korò, ta ni yóò mọ iyọ̀ nínú rẹ̀? Bí òǹgbẹ ṣe ń gbẹ ọmọ náà ni wọ́n ń fún un mu. Nígbà tí mo tọjà dé pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́, ó ti kú.

Bóyá omi ni, bóyá àìsàn yẹn náà ni, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá bàbá mi kọjú sí ìyá mi: "Ìwọ lo ń gbé ọmọ jókòó ti èéfín ẹja látàárọ̀ ṣúlẹ̀!" Èmi tí mo mọ̀, n kò jẹ́wọ́. Mo ju bàtà náà sódò, kò rì, omi gbé e padà wá sábẹ́ ilé. Ìyá mi yọ ọ́, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e fún mi. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò mọ nǹkan í tọ́jú." Ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ ló gbé wọ sàréè, ojú sì ń tì mí títí dòní.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ti lé ní ọgọ́ta ọdún o, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi tó yín létí.

Ayé ti yí. Òkun ti gbé ibi tí adágún wà lọ, àwọn ọmọ ìlú yìí kò mọ igbe àkèré mọ́. Inú ọ̀rá ni omi mímu ń gbà dé, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló ń kó o wá. Síbẹ̀, láwọn òwúrọ̀ kan, mo máa ń gbọ́ wọn lẹ́yìn ilé, èmi nìkan.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi ra omi. N kò lè mu ún láìbéèrè. Nígbà àkọ́kọ́, ó wò mí: "Kí ló ń ké, Màmá?" Wọ́n ní ogbó ló ń dà mí láàmú. Ní báyìí ọmọ náà ti gbọ́n. Láàárọ̀ yìí, n kò tíì lanu tó fi gé ẹnu ọ̀rá, tó gbé e fún mi.

"Wọ́n ń ké, Màmá."

Mo gbà á, mo mu ún.