Ta Ló Rán Ọ Wá Wádìí Ìran Wa?

Ní ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì, tí ará ilé bá bi mí pé kí ni mò ń kọ́, irọ́ ni mo máa ń pa. Lónìí mo lè ní òfin ni, lọ́la mo lè ní ìṣirò owó ni. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo sọ òótọ́, ìyá mi ni mo sọ ọ́ fún ní Savalou. Mo ní àǹtirọpọ́lọ́jì ni, ẹ̀kọ́ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé pọ̀, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ra, bí wọ́n ṣe ń pín ogún. Gàrí ló ń yan lọ́wọ́. Ó dá ọwọ́ dúró, ó wò mí.

"Wọ́n ń kọ́ yín láti máa bi ènìyàn ní ọ̀rọ̀ ilé wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Tí ẹ bá bi wọ́n tán, ta ni ẹ ń lọ sọ fún?"

Ó tún ọwọ́ bọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì bi mí mọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tí òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ tí mo bá wọlé, wọn á dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó máa bá a lọ.

Ọmọ ẹ̀yà Mahi ni ìyá mi. Ará agbègbè Koko ní Bantè ni bàbá mi. Ó kú nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyá mi sì kó èmi àti àbúrò mi ọkùnrin padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ Isha, èdè àwọn ará Bantè, ní Koko, wọn á ní ẹnu mi ń rùn Mahi. Bí mo bá ń sọ Mahi ní Savalou, wọn á ní ọmọ Bantè ni mí.

Nínú ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n ti kọ́ wa bí a ṣe ń ya ìran sórí ìwé. Àmì onígun mẹ́ta fún ọkùnrin, àmì róbótó fún obìnrin, ìlà méjì fún ìgbéyàwó. Olùkọ́ wa ní kí kálukú lọ ya ilé tirẹ̀. Ní apá ìyá mi, ìwé kò gba ènìyàn tán. Ní apá bàbá mi, mo ya bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, mo ya bàbá tó bí wọn, mo sì ya ẹni tó bí ìyẹn, tí mo kàn ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ mi parí sí.

Nígbà tí àkókò tó láti ṣe ìwádìí fún ìwé àṣekágbá, mo mú ọ̀rọ̀ ìdílé àti ilẹ̀ ní Bantè. Owó kajú ti yí nǹkan padà níbẹ̀. Ilẹ̀ tí àlejò máa ń gbà pẹ̀lú adìyẹ kan àti isu díẹ̀, àwọn ọmọ ìyá kan náà ti ń tìtorí rẹ̀ yan ara wọn lódì. Inú ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà dùn.

"Ọmọ ilé ni ọ́," ó ní. "Wọn á ṣí ilẹ̀kùn fún ọ."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbà mí sílé. Obìnrin gíga ni, àgbẹ̀ ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì ti padà sí ilé bàbá rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ó se isu fún mi, ó gbá yàrá fún mi, ó bi mí ní àlàáfíà ìyá mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ó rí ìwé lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló rán ọ?"

"Yunifásítì ni, Ìyá."

"Yunifásítì kò mọ̀ wá. Mo ní ta ló rán ọ?"

Mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ parí, ó wá ní: "Bóyá ìyá rẹ ló fẹ́ gba ilẹ̀ fún àbúrò rẹ." Àbúrò mi ń tún fóònù ṣe ní Kọtonú, kò mọ ìyàtọ̀ ebè isu sí ti ẹ̀gẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ilé méjì ni ìdílé wa, Ilé Òkè àti Ilé Ìsàlẹ̀, bàbá ńlá kan náà ni wọ́n sì ní ó bí gbogbo wa. Ìsàlẹ̀ ni àwa. Ní Ilé Òkè, mo ní ìbátan kan tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tó ń ra kajú fún oníṣòwò kan tó wá láti Nàìjíríà tí ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Bantè. Ó ní alùpùpù. Kò pẹ́ tí mo dé ló wá kí mi, tó ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n láti fi bọ̀wọ̀ fún mi, tó ní ibikíbi tí mo bá fẹ́ lọ, òun á gbé mi, òun kò sì ní gba kọ́bọ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò bi ara mi pé kí ló dé. Ó gbé mi lọ sí Pira, ó gbé mi kiri àwọn abúlé inú oko, eruku pupa bò wá bí ẹni tó ń gún osùn.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo bá dé, ẹnu ti di. Àgbà tí wọ́n ní ó mọ ìtàn bí ẹni mọ owó á ní òun ti gbàgbé. Òmíràn á ka ìran bàbá mi fún mi, á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó bí bàbá bàbá mi, á wá béèrè omi mu. Ní Pira, arúgbó kan fi mí rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ti kọjá níbí lánàá," ó ní. "Ó ní kí a kí ọ dáadáa."

Ìgbà yẹn ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í fu. Kí ni obìnrin yìí ń fi pa mọ́? Mo rántí igi kajú tí bàbá mi gbìn kó tó kú. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ta ló ń ká wọn.

"Ẹni tó gbìn ín ti kú," ó dá mi lóhùn. "Ẹni tó ń ro abẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wò ó bí ẹni wo olè. Tó bá bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri, mo máa ń rọra dúró. Tó bá lọ sí oko pẹ́, mo máa ń ronú pé àjọṣe ló ń ṣe pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀. Òun náà ń ṣọ́ mi. Tí mo bá wẹ̀ tán tí mo padà sí yàrá, mo máa ń rí i pé wọ́n ti ṣí àpò mi, wọ́n sì ti tún un dì dáadáa. A jọ ń jẹun nínú àwo kan náà, a ń kí ara wa tọ̀yàyà-tọ̀yàyà.

Ìbátan mi Ilé Òkè nìkan ni mo ń fọ̀rọ̀ lọ̀. Ó máa ń wo ìwé tí mo ya ìran sí, á fi ìka tọ́ka sí ẹnìkan níbẹ̀, á ní: "Ẹni yìí ńkọ́? Ta ni ìyá rẹ̀?" Lọ́jọ́ kan ó fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán ìwé náà. Ó ní kó má baà sọnù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ Ilé Òkè tó dàgbà jù lọ láyé ń gbé ní Gouka. Ó ti pẹ́ tó ti di ará ìjọ aláṣọ funfun. Mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ìsìn, láìwọ bàtà, aṣọ rẹ̀ mọ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ìbátan mi dúró ti alùpùpù rẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo kí bàbá náà, mo na ìwé sí i. Ó wò ó pẹ́. Ó wá gbé ìka lé orí ẹni tó bí bàbá bàbá mi.

"Ta ló ń bá ọ ṣe èyí?"

Mo nawọ́ sí ìbátan mi. "Ọmọ yín yẹn ni. Ó ń ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ẹ fọwọ́ lé yìí gan-an."

"Ó ń sọ fún ọ ni, àbí ó ń bi ọ́?"

Mo gbìyànjú láti rántí ohun kan ṣoṣo tí ìbátan mi ti sọ fún mi nípa ilé wa. N kò rí ọ̀kan. Ìbéèrè ni gbogbo rẹ̀.

"Padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ," bàbá náà sọ. "Sọ pé èmi ni mo ní kó bá ọ sọ̀rọ̀. Tó bá sọ fún ọ, má kọ ọ́."

"Ẹ̀yin ò lè sọ fún mi, Bàbá?"

"Mo ti fi ọ̀pọ̀ nǹkan sílẹ̀ kí n tó wọ aṣọ yìí. Èyí kò sí nínú wọn. Bàbá ńlá wa mú àwọn ọmọ rẹ̀ búra lórí rẹ̀."

Mo sọ fún ìbátan mi pé mo fẹ́ dúró ní Gouka títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó lọ tán, mo gba ọ̀kadà mìíràn.

Oko ni mo bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń kọ ebè. Mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ó fi ọkọ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnìkan nítòsí. Ó jókòó sórí ebè.

"Ẹni tó bí bàbá wa, wọn kò bí i nílé yìí. Ogun ló gbé e dé. Ọmọdé ni, kò mọ orúkọ ìlú rẹ̀. Bàbá Ilé Òkè rà á..." Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. "Ó gbà á. Ó fún un ní orúkọ ara rẹ̀, ó fún un ní ilẹ̀, ó fẹ́ ìyàwó fún un. Ó pe àwọn ọmọ tó bí, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá kà á sí ẹni ìta, kó má jẹ isu ilẹ̀ yìí mọ́. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ka ìran kọjá ibẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ara mi ni mo ti ń béèrè kiri abúlé.

"Ìyá, mo rò pé ẹ ń jẹ ilẹ̀ bàbá mi ni."

"Èmi náà rò pé Ilé Òkè ló rán ọ. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti gbọ́ fínrínfínrín, wọn kò rí ẹ̀rí tí wọ́n á fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ìwọ wá ń gun ẹ̀yìn alùpùpù wọn lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Kí lo fẹ́ kí n rò?"

Nígbà náà ni mo rántí àwòrán inú fóònù, tó fi ibi tí ìran wa parí sí hàn gbangba.

Ní ọjọ́ kejì mo wá ìbátan mi lọ sí Bantè. Ó ń wọn kajú níwájú ìsọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Mo ní kó pa àwòrán yẹn rẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwòrán wo? Nígbà tí mi ò bá a rẹ́rìn-ín, ó yọ fóònù, ó pa á rẹ́ lójú mi.

"Ṣé o ti fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni màá fi ránṣẹ́ sí?"

Ìbéèrè ló tún fi dá mi lóhùn.

Mo padà sí yunifásítì, mo ní mo fẹ́ yí iṣẹ́ mi padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Wọ́n halẹ̀ mọ́ ọ ni?"

"Rárá o."

"Wọ́n fún ọ lówó?"

"Rárá."

Kò gbà mí gbọ́. Mo kọ ìwé mi lórí àwọn obìnrin Mahi tí ará Bantè fẹ́, èdè tí wọ́n ń fi tọ́ ọmọ, èdè tí wọ́n ń fi bá a wí. Iṣẹ́ gidi ni, ìyá mi sì ràn mí lọ́wọ́ nínú rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ní ọjọ́ tí mo gbèjà ìwé náà níwájú àwọn olùkọ́, ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó yẹ̀ mí wò béèrè pé èmi tí mo jẹ́ ọmọ Bantè, kí ló dé tí ìran ilé bàbá mi fi kúrú tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé mi. Mo ní ibi tí wọ́n bá mi dé nìyẹn. Ó wò mí títí, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Mo yege, ṣùgbọ́n n kò sí lára àwọn tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá wọn ilẹ̀ ní agbègbè wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ránṣẹ́ pè mí sí ìpàdé ìdílé. Bàbá Gouka wá nínú aṣọ funfun rẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ, ọkùnrin kan láti Ilé Òkè wúkọ́, ó ní ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí kálukú ti ṣẹ̀ wá.

Bàbá Gouka kò dìde. "Láti inú bàbá kan ni gbogbo wa ti wá," ó ní. "Ẹni tó bá ní òmíràn láti sọ, kó fi orúkọ bàbá ńlá wa búra kó tó sọ ọ́."

Mo wo ojú ìbátan mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Kò sí ẹni tó búra. Wọ́n kọ ilẹ̀ náà sí orúkọ ilé méjèèjì.

Nígbà tí àwọn ènìyàn tú ká, ẹ̀gbọ́n bàbá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ó ti parí. Bàbá Gouka ní bó o bá fẹ́, o lè sọ ọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n má dárúkọ wa." Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Bantè, kí ẹnikẹ́ni má wá tiwa.

Ìbátan mi ló gbé mi dé Bantè láti wọ ọkọ̀ Savalou. Ní ìdajì ọ̀nà, ó pariwo láàárín atẹ́gùn:

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti parí ìwé yẹn?"

"Mo ti parí rẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ ilé wa wà níbẹ̀?"

"Kò sí níbẹ̀."

A dé ibùdókọ̀. Ó gbé àpò mi sínú ọkọ̀, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó ní kí n bá òun kí ìyá mi. Láti ìgbà náà, a máa ń pe ara wa lọ́dún, a máa ń bi ara wa ní àlàáfíà ilé. N kò tíì lè sọ bóyá èmi ni mo fura sí i láìnídìí lórí àwòrán yẹn, àbí òun ló gbọ́n jù mí lọ.