Fóònù Ní A Ti Kógbá Sílé

Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé fóònù ò mọ bàbá mi. Mo dúró sẹ́nu géètì wa ní Festac, lábẹ́ pátákó kílíníìkì tí wọ́n kọ gàdàgbà, mo ní kí fóònù fi oníṣègùn eyín tó súnmọ́ mi jù lọ hàn mí. Ó gbé mi lọ sí Amuwo-Ọ̀dọ̀fin, ó tún gbé mi kọjá ibẹ̀ lọ sí ọ̀nà Satellite Town. Inú bí mi débi pé mo bá fóònù jà lójú títì. Bàbá mi sì rèé nínú ilé, ó wọ kóòtù funfun rẹ̀, kò sí ẹyọ èèyàn kan lórí àga tí àwọn aláìsàn fi ń dúró dè é.

Ọ̀gá ni bàbá mi nídìí eyín. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ló ti fẹ̀yìn tì kó tó sọ ìsàlẹ̀ ilé wa di kílíníìkì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn aláìsàn máa ń jókòó dé orí àtẹ̀gùn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn àti ọmọ wọn. Ẹnìkan á sọ fún ẹnìkejì, ó parí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ń sọ fúnra wọn yẹn, àwọn kan ti kú, àwọn kan ti kó padà sí ìlú wọn. Àwọn tó wá háyà ilé wọn ò bi aládùúgbò ní nǹkan kan. Fóònù ni wọ́n ń bi.

Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Kánádà ti ń sọ pé kí bàbá ti kílíníìkì náà pa, kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Bàbá ò fẹ́. Láti ìgbà tí màmá wa ti kú, iṣẹ́ yẹn nìkan ló kù tó ń gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìjókòó lásán ni yóò pa á. Níkẹyìn ó ní kò burú, tó bá di Kérésì tí aláìsàn tuntun ò wá, òun á lọ. Mo wá pinnu pé, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o, fóònù gbọ́dọ̀ mọ bàbá mi kí Kérésì tó dé.

Inú bàbá kò kọ́kọ́ dùn sí i.

"Dókítà kì í polówó," ló wí. "Bí iṣu ẹni bá ta, ṣe là á fọwọ́ bò ó jẹ."

"Dádì, iṣu tiwa ò ta o."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ́ kí n ya òun ní fọ́tò. Mo fi kílíníìkì wa sórí máàpù inú fóònù: àdírẹ́sì, nọ́ńbà, àsìkò tí a ń ṣílẹ̀kùn, pé a ń fọ eyín, a ń yọ eyín, a ń dí èyí tó bá ti kẹ̀. Ohun tó kù ni ẹ̀rí àwọn aláìsàn, torí fóònù kì í ka ẹni tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ sí.

Mo tọ àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ lẹ́yìn ìsìn. Kò sí èyí tí bàbá ò tíì tọ́jú eyín rẹ̀ rí nínú wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá wa kọ ẹ̀rí síbẹ̀, tí fóònù bá sì bi wọ́n ní ohunkóhun nípa wa, bó ṣe máa ń bi ẹni tó bá kọjá níwájú ibì kan, kí wọ́n jọ̀ọ́ dá a lóhùn. Ẹ̀rí ni mo ní kí wọ́n kọ, ẹ̀rí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì kọ. Ẹnìkan dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó yọ ọ́ nínú jàǹbá ọkọ̀, kò mẹ́nu ba eyín rárá.

Síbẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà wa bẹ̀rẹ̀ sí dún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Abúlé Adó, ó fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá. Mo gbọ́ tí bàbá ń kọrin nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí a ti sin màmá wa. Mo lọ dúró sí kíṣìnnì, mo sunkún ayọ̀ mi níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lójijì. Mo kọ́kọ́ rò pé òjò ni, mo tún rò pé ìlú ló le. Iṣẹ́ ọ́fíìsì tèmi náà ń fún mi lọ́rùn nígbà yẹn, mi ò ráyè yẹ nǹkan kan wò. Bàbá náà dákẹ́. Kì í jẹun tán mọ́, tí mo bá sì dárúkọ kílíníìkì, á ní, "Ó dáa, ọmọ mi, o ti gbìyànjú." Mo ṣèbí ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan níbi iṣẹ́ mi rọra súnmọ́ mi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí. Mi ò mọ̀ pé Dádì yín ti ṣaláìsí." Ó ní eyín ló ń dun òun, òun wá wa lọ nínú fóònù, òun sì rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Fọ́tò bàbá mi rèé tó ń rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi pupa kọ ọ́ pé a ti kógbá sílé pátápátá.

Bí mo ṣe dé àdúgbò, ọ̀dọ̀ màmá kan tó ń gbé òdìkejì ilé wa ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì tí mo bẹ̀ ni. Mo fẹ́ béèrè bóyá ó rí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú fóònù tirẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn.

"Mo ti ń retí ẹ kó o wá dúpẹ́!" ló wí. "Fóònù yẹn ò jẹ́ n gbádùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti kọjá níwájú yín ló ń bi mí ṣé ibí yìí ni Close D. Mo ní yes. Mo sì ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ wa pé anytime tó bá ti bi wọ́n, kí wọ́n máa sọ pé yes, ká lè ṣe support fún Dókítà."

Kò yé mi lójú ẹsẹ̀. Ní Festac, àwọn òpópó kéékèèké tó yà lára títì, Close là ń pè wọ́n, lẹ́tà la sì fi ń dá wọn mọ̀: A Close, B Close, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. D Close ni tiwa. Fóònù ń béèrè bóyá ibẹ̀ ti "closed", ìyẹn ni pé bóyá a ti tì í pa. Màmá rí Close, ó rí D lẹ́yìn rẹ̀, ó wá fi gbogbo ọkàn jẹ́rìí pé bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ gan-an ni.

"Ṣé èèyàn ti ń wá dáadáa?" ó bi mí.

Èébú ti kún mi lẹ́nu. Mo wo ojú rẹ̀, mo gbé e mì, mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, mà." Kí ni èèyàn fẹ́ sọ fún ẹni tó fi ìfẹ́ ba tẹni jẹ́?

Mo sáré wọlé lọ bá bàbá. Mo ti ń rò ó bí a ó ṣe jọ rẹ́rìn-ín sí i. Mo bá a lórí ìdúró nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi aṣọ wé àwọn irin iṣẹ́ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sínú páálí. Àga tí àwọn aláìsàn máa ń sùn sí ti lọ. Ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ funfun ju ìyókù ilẹ̀ lọ.

"Dókítà kékeré kan ló wá gbé e," ló wí. "Mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́."

"Dádì, Kérésì ò tíì dé!"

"Mo rí i nínú fóònù, ọmọ mi." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Mo rí i pé o ti tì í. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún ọ láti sọ ọ́ sí mi lójú, ìdí nìyẹn tí mi ò fi bi ọ́. Mo kọ́kọ́ bínú sí ọ gan-an. Mo gbàdúrà lé e lórí, mo wá rí i pé òótọ́ lo sọ."

Mo ń sunkún, mo ń ṣàlàyé Close, mo ń ṣàlàyé D. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tí mo dé ọ̀rọ̀ màmá òdìkejì. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó sórí páálí kan.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ?"

"Kì í ṣe èmi, Dádì."

"Ó dáa," ló wí. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n mo ti bá ara mi jà tán lórí ẹ̀. Mi ò lágbára láti tún un jà."

Lọ́jọ́ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ, mo padà sílé, mo ṣí fóònù láti tún ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ kílíníìkì náà ṣe. Mo wo lẹ́tà pupa yẹn títí. Kò sí èyí tí mo lè pè ní irọ́ níbẹ̀ mọ́.