Ìhámọ́ra Fúnmiláyọ̀

Ariwo irin ló gbé mi dìde ní ọ̀sán Sátidé tó kọjá, nílé wa ní Lugbe. Wọ̀nràn, wọ̀nràn, bí ẹni ń da ṣíbí sínú agbada. Mo rò pé ẹnìkan ń tú ìkòkò mi nílé ìdáná ni. Mo débẹ̀, ẹ̀wà mi nìkan ni mo bá lórí iná. Inú pálọ̀ ni ariwo náà ti ń wá: Tómilọ́lá, ọmọ mi obìnrin, ló jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, tó ń pààrọ̀ aṣọ ogun fún jagunjagun inú géèmù rẹ̀.

Mo dúró wò ó. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó gbé ìhámọ́ra wọ̀: irin bo àyà, irin bo apá, irin bo itan, èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn géètì. Ó wù mí. Tómilọ́lá tẹ nǹkan kan, ọkùnrin náà pòórá, obìnrin kan dúró sípò rẹ̀. Ìhámọ́ra kan náà ni, orúkọ kan náà ni wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lára obìnrin yìí, irin náà ti di nǹkan bí ọmọrí ìkòkò méjì lórí ọmú. Ikùn wà níta, itan wà níta, bàtà rẹ̀ sì ga ní gìgísẹ̀. Bàtà gogoro ló fẹ́ wọ̀ bá ẹranko tó ń yọ iná lẹ́nu jà.

"Ta ló bọ́ èyí láṣọ?" ni mo bi í.

"Mọ́mì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Agbára kan náà ló ní."

"Agbára wo? Ṣé ọ̀kọ̀ kì í gún ìdodo obìnrin ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ìbínú àtijọ́ ló dé sí mi, èyí tó ti wà lára mi láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, tí ẹ rò pé ìgbà tiyín ni géèmù bẹ̀rẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Karmo ni wọ́n ti tọ́ mi. Nígbà náà, pápá ṣì wà láàárín àwọn ilé, eruku pupa a sì ti kun ìbọ̀sẹ̀ wa kí a tó dé ilé ìwé. Ará Okun ni àwọn òbí mi, ará Okun náà ni àwọn òbí Fúnmiláyọ̀, ọ̀rẹ́ mi. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà yàrá wa. Wẹ́dà ni bàbá rẹ̀, géètì àti irin ojú fèrèsé ló ń ṣe, ojoojúmọ́ ni òórùn irin gbígbóná sì ń wọlé bá wa. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé kí a má wo iná tó ń kọ yẹ̀rì níbi tó ti ń jó irin pọ̀. A wò ó títí omi fi ń dà lójú wa, a sì sọ fún àwọn ìyá wa pé àlùbọ́sà ni.

Fúnmiláyọ̀ tín-ín-rín, ó sì lágídí bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ó sì máa ń sú mi púpọ̀.

Lẹ́yìn ilé wa ni Bọ̀dá Múfútáù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan, ṣí ilé géèmù sí: yàrá páànù, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ mélòó kan, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń wúkọ́ bí arúgbó. Àwọn ọmọkùnrin ló ń kún ibẹ̀. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn jagunjagun á tò sílẹ̀ kí ẹni tó kàn yan tirẹ̀. Fúnmiláyọ̀ á dúró bí ìyàwó ilé tó ń ṣa ẹja, á máa wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa pariwo pé, "Kai! Mú ọ̀kan jàre!"

Òun ló kọ́ mi bí a ti ń mọ jagunjagun láti ara aṣọ. Ó ní kí n máa wo èjìká: ẹni tí wọ́n bá fún ní èjìká gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n fẹ́ ká bẹ̀rù rẹ̀ ni. Ẹni tí àṣíborí rẹ̀ bá ní ìwo, ìkà ni; kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan o, ìwo ti rojọ́ rẹ̀ tán. Ẹni tó bá wọ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á yára, á sì jalè. Ẹni tí irin rẹ̀ ń dán láìní àpá kankan, ọmọ ọba ni, kò jagun rí. Mo wò ó, òótọ́ ni. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbé ẹsẹ̀, aṣọ ti sọ ìwà rẹ̀.

"Àwọn obìnrin wọn ńkọ́?"

"Aṣọ tiwọn ò sọ nǹkan kan," ni Fúnmiláyọ̀ wí. "Òtútù ń mú wọn ni."

Ìdí nìyẹn tó fi máa ń yan ọkùnrin bàǹbà kan tí irin bò tó bẹ́ẹ̀ tí a kò rí ojú rẹ̀. Fíríìjì ni àwọn ọmọkùnrin ń pè é. Ó ń rìn bí ẹni ru àpò sìmẹ́ńtì, gbogbo ènìyàn ló sì ń nà án. Mo bẹ Fúnmiláyọ̀ títí kó yan ẹlòmíràn. Kò gbà.

Nígbà tó di ọjọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Àǹtí Títí, olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ní a ó ṣe eré àwọn ọmọ ogun Ọlọ́run. Páálí tí wọ́n lẹ bébà fàdákà mọ́ ni ìhámọ́ra wa. Ti àwọn ọmọkùnrin gùn dé orúnkún, ó sì ní àṣíborí. Tiwa fún, páálí rẹ̀ kò dé ikùn, síkẹ́ẹ̀tì kúkurú ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sì sí àṣíborí rárá, kí irun dídì wa lè hàn nínú fọ́tò. Èmi wọ tèmi, ó sì wù mí. Ó ń dán.

Fúnmiláyọ̀ nàwọ́ sókè. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n á gún wa níkùn."

"Fúnmi, eré ni."

"Àwọn ọmọkùnrin ńkọ́ mà? Eré kọ́ ni tiwọn?"

Wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó, ṣùgbọ́n bó ṣe délé, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló gbà lọ. Bàbá náà gbé iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì gbọ́ ọ yékéyéké bó ṣe ń gbọ́ oníbàárà èyíkéyìí. Ó gé páànù fẹ́lẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara sílíńdà gáàsì, ó rẹ́ etí rẹ̀ kó má baà gé ọmọ rẹ̀ lára, ó fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀. Ìkòkò àtijọ́ kan ló fi ṣe àṣíborí, ó la ojú sí i. Nígbà tí Fúnmiláyọ̀ wọ gbogbo rẹ̀ tán, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, mo fà sẹ́yìn. Ẹni tí a jọ jẹ àkàrà láàárọ̀ ọjọ́ náà ni o.

Àǹtí Títí rí i, ó káwọ́ lérí. Lẹ́yìn náà ló ronú, ó ní, "Ó dáa. A ò tíì rí ẹni tó máa ṣe ọ̀tá."

Inú bí Fúnmiláyọ̀ débi pé kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Níwájú ilé wọn ló ti yíjú sí mi. "Ṣé torí pé mo bo ara mi ni mo ṣe di ọ̀tá?" Ó gbà láti ṣe é, nítorí bí kò bá gbà á, orí bẹ́ǹṣì ni yóò wà.

Ọjọ́ náà dé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún, wọ́n mú iná lọ, ooru mú. Òógùn ti rin páálí àwọn ọmọkùnrin kí a tó kọ orin kan tán, bébà fàdákà ń bó lára wọn bí ìpẹ́ ẹja. Ni ọ̀tá bá wọlé. Gbà, gbà, gbà. Ọmọ ọwọ́ kan figbe ta. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ni pé a ó nà án ní idà pákó, yóò ṣubú, a ó sì kọrin ìṣẹ́gun. A nà án. Gbàǹgàn! Kò ṣubú. Ṣẹ́gun, ọ̀gágun wa, tún nà án, idà rẹ̀ kán sí méjì.

"Ṣubú!" Àǹtí Títí ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. "Fúnmi, ṣubú!"

Ohùn kan dáhùn láti inú ìkòkò: "Kò ṣeé tẹ̀, mà!"

Bàbá rẹ̀ ti ro gbogbo ibi tí ọ̀kọ̀ lè gbà wọlé, kò ro ibi tí ènìyàn ti ń tẹ̀. Láti àyà dé itan, irin kan ṣoṣo ni. "Ọ̀tá yìí mà le o," ni pásítọ̀ wí, ni gbogbo ìjọ bá bú sẹ́rìn-ín. Ó sú mi pátápátá. Mo ju asà mi sílẹ̀, mo lọ gbá ọ̀tá mú léjìká, mo sì rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù. "Rọra o, orí mi," ló ń sọ nínú irin. A kọrin ìṣẹ́gun lé e lórí. Àwọn àgbà ọkùnrin ló wá gbé e dìde.

Kò sunkún. Bàbá rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fọwọ́ kan ìbàdí irin náà, ó ní, "Híńjì ni mo gbàgbé." Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló fi í sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó parí rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ wá sí ilé wa tòun ti ìhámọ́ra, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ láti kí ìyá mi. "Ẹ káàárọ̀ mà." Ìyá mi ní, "Jésù! Bọ́ nǹkan yìí síta kó o tó wọlé mi."

Kò pẹ́ sígbà náà tí bàbá rẹ̀ rí iṣẹ́ ńlá kan ní Lọ́kọ́ja. Wọ́n kó ẹrù sínú ọkọ̀ akẹ́rù, àyè kò sí fún àṣíborí, ni Fúnmiláyọ̀ bá dé e sórí, ó jókòó sáàárín àwọn mátírẹ́ẹ̀sì. Mo sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà, mo ń pe orúkọ rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn. Irin ti dí i létí. Títí dòní ni mo ń bínú sí ìkòkò yẹn. Mo ti wá ọ̀rẹ́ mi lórí ẹ̀rọ ayélujára, àwọn Fúnmiláyọ̀ tó wà láyé yìí kò níye, kò sì sí èyí tó jẹ́ tèmi nínú wọn.

Ilé géèmù páànù ti lọ. Àwòrán tó wà níwájú Tómilọ́lá dára débi pé ènìyàn lè rí ojú ìṣó lára irin. Pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n yẹn, ẹnìkan ṣì jókòó, ó ya ìhámọ́ra obìnrin, kò sì bi ara rẹ̀ pé kí ni ó ń bò. Wọ́n á ní eré ni. Mo mọ̀ pé eré ni. Inú eré ni ọmọdé ti kọ́kọ́ ń mọ ara ta ni ayé kà sí ohun tó yẹ ní bíbò.

Mo rò ó pé kí n pa tẹlifíṣọ̀n náà. N kò pa á. Mo fa àga, mo jókòó ti ọmọ mi, mo ní kó máa fi àwọn ìhámọ́ra yòókù hàn mí níkọ̀ọ̀kan, bóyá a ó rí èyí tó bo ikùn. A wá a títí ẹ̀wà mi fi jóná mọ́ ìdí ìkòkò. A kò tíì rí i.