Ìnṣọ́ránsì Mọ́tò Tí Kì Í Ṣe Tèmi Mọ́

Ọ̀dà ni mò ń tà ní Bẹẹrẹ, ọ̀dà ilé, ọ̀dà mọ́tò, àti búrọ́ṣì tí wọ́n fi ń kùn ún. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń pè mí ní Ìyá Ọlọ́dà. Lẹ́yìn ikú ọkọ mi, mọ́tò rẹ̀ ló ń bá mi ṣiṣẹ́, èmi fúnra mi ni mo sì ń wà á. Iwájú mọ́ṣáláṣí ní Bẹyẹrúnkà ni mo máa ń gbé e sí, nítorí pé ọ̀nà tó wọ agboolé wa kò gba mọ́tò. Láràárọ̀ ni mo máa ń kó agolo ọ̀dà sínú rẹ̀, tí n ó sì gba ẹ̀gbẹ́ òkè Mápó kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ojú ló gba mọ́tò náà lọ́wọ́ mi. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn ọlọ́kadà ló ń sáré jù, nítorí wọn a kàn ṣàdédé yọ sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi pé inú ilẹ̀ ni wọ́n ti hù jáde. Ìgbà tí mo fi dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ha ògiri ilé kan ní Ọjà'ba ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi túláàsì mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní omi inú ojú mi ti pọ̀ jù, ó sì ti ń ba ojú náà jẹ́ láti inú, pé iwájú nìkan ni mo ń rí dáadáa, mi ò rí ohun tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wá mọ́. Ó fún mi ní oògùn tí mo ṣì ń kán sójú títí di òní. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má wakọ̀ mọ́ o. Ẹ ó pààyàn."

Mo ta mọ́tò náà fún bíríkìlà kan ní Àrẹ̀mọ, tó fẹ́ máa fi ṣe kabúkabú lọ́jọ́ tí kò bá rí iṣẹ́ ilé kíkọ́. Mo kó gbogbo ìwé rẹ̀ fún un, mo ní kó lọ yí i sí orúkọ ara rẹ̀. Ó ní òun á ṣe é láìpẹ́. Lọ́jọ́ tó wá gbé e, mi ò lè dúró wò ó. Mo wọlé lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí mi ò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́.

Mo ti ń gbàgbé rẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí oníbàárà tó wà níwájú mi bá mi ka àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé. Báńkì ló kọ́kọ́ kọ̀wé pé owó ti jáde lápò mi. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kọ̀wé tẹ̀lé e: wọ́n kí mi kú oríire, wọ́n ní àwọn ti bá mi sọ ìnṣọ́ránsì mọ́tò mi dọ̀tun fún ọdún mìíràn, kí n máa wakọ̀ mi lọ ní àlàáfíà. Oníbàárà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ̀ pé mo ṣì ní mọ́tò. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ "máa wakọ̀ lọ" yẹn dùn mí ju owó náà lọ.

Mo pe ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà. Ọkùnrin tó gbé fóònù sọ pé ẹ̀rọ ló ń ṣe é fúnra rẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà káàdì báńkì mi ti wà lọ́wọ́ àwọn.

"Ta ló wá ní kí ẹ ṣe é?" mo bi í.

"Mọ́mì, ẹ ò sọ pé ẹ ò fẹ́ mọ́."

"Mo ti ta mọ́tò!"

"Ẹ ò sọ ìyẹn náà fún wa."

Mo wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn, lápá ọ̀nà Agodi. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn dígí fi sùúrù gbọ́ tèmi. Ó fún mi níwèé kan, ó ní kí ẹni tó ra mọ́tò fọwọ́ sí i pé òun ti rà á, àwọn á fagi lé e, àwọn á sì dá owó mi padà. Ara tù mí díẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Alásárì lọ́jọ́ kejì, mo forí lé Àrẹ̀mọ.

Mo wọ agboolé bíríkìlà yìí. Mi ò rí mọ́tò níta. Ọkùnrin náà jáde, ó rí mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá Ọlọ́dà, ta ló ti sọ fún yín?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún mi?"

Orí ilẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀ sí náà ló ti ń sọ ọ́ fún mi. Lánàá, ní Orítamẹ́rin, búréèkì kò mú, ó sì gbá obìnrin kan tó ń kiri òwú àti bọ́tìnnì. Itan obìnrin náà ṣẹ́. Ó wà ní ọsibítù, mọ́tò sì wà ní àgọ́ ọlọ́pàá.

"Ìnṣọ́ránsì ni wọ́n béèrè," ó ní. "Wọ́n fi nọ́ńbà mọ́tò yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n rí orúkọ yín. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni yín, pé ẹ yá mi ni mọ́tò."

"O ní kí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì. Tí ẹ bá lè gbà pé tiyín ni, wọ́n á tọ́jú obìnrin yẹn. Ẹ wo inú ilé mi. Kí ni mo fẹ́ fi tọ́jú rẹ̀?"

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pọn ọmọ. Ìwé tí mo fẹ́ kó fọwọ́ sí wà nínú báàgì mi. Mi ò yọ ọ́. Mo kúrò níbẹ̀ láìdágbére.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ọsibítù. Wọ́n fi okùn fa ẹsẹ̀ obìnrin náà sókè, wọ́n so nǹkan wíwúwo mọ́ ọn. Kò ju ẹgbẹ́ àbúrò mi lọ. Mo sọ fún un pé èmi ni mo ni mọ́tò náà tẹ́lẹ̀, pé mo ti tà á.

"Àbúrò mi gbọ́ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá pé ìnṣọ́ránsì á sanwó," ó ní. "Ṣé lóòótọ́ ni?"

Mo ní kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó bi mí nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo gbà lọ láti ibẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ ní jẹ́jẹ́.

"Tí o bá ní mọ́tò rẹ ni," ó ní, "ìwọ lo gbé mọ́tò tí kò ní búréèkì fún un nìyẹn. Wọ́n á ní kí o wá sọ tẹnu rẹ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, wọ́n á ní kí o wá búra ní kóòtù. Ṣé wàá búra?"

"Tí mo bá sọ òótọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á dá owó rẹ padà."

"Obìnrin yẹn wá ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó tún padà sídìí tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí ọ́fíìsì wọn, ìròyìn ìjàǹbá náà ti ṣáájú mi débẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin ọjọ́sí wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mọ́mì, ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ṣé lóòótọ́ lẹ ti ta mọ́tò yìí kí ìnṣọ́ránsì tuntun tó bẹ̀rẹ̀?"

Ó yé mi pé ó ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi ni. Tí mo bá ní rárá, á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo rántí ẹsẹ̀ tí wọ́n so sókè yẹn. Mo rántí kóòtù. Mo rí ara mi tí mo gbé Kùránì dání, tí mo ń pe ohun tí mo ti tà ní tèmi.

"Mo ti tà á," mo ní.

Ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ̀ǹpútà. Inú bí mi lójijì, mo ní kó bá mi pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá jáde wá, ó wọ súùtù, ó kí mi dáadáa. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó ni mọ́tò ni ìnṣọ́ránsì ń bá lọ, pé kì í tẹ̀lé mọ́tò dé ọwọ́ ẹlòmíràn.

"Ẹ wá gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní mọ́tò," mo ní. "Ẹ ò bi mí léèrè kí ẹ tó gbà á. Ká ní ìjàǹbá ò ṣẹlẹ̀, tí mi ò sì wá síbí, ṣé ẹ̀ bá dá a padà?"

"Mọ́mì, a ti ń dá a padà báyìí."

"Mo ní ká ní mi ò wá."

Ó wo ọ̀dọ́mọbìnrin náà, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí n má bínú.

Owó náà wọlé padà kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Mo gbé e lọ fún obìnrin náà ní ọsibítù. Kò tó nǹkan kan lára ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ sì gbà á láìwo ojú mi. Bíríkìlà fọwọ́ síwèé lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá pé òun ni òun ni mọ́tò, pé òun á tọ́jú obìnrin náà. Ó ta mọ́tò náà fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà ní wẹ́wẹ́, ó kó owó rẹ̀ sílẹ̀ fún ìtọ́jú, ó padà sídìí bíríkì. Tí mo bá pàdé ìyàwó rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, á yà sí òdìkejì títì. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ fún àwọn ènìyàn pé olóòótọ́ ni mí. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ọ́ mọ́.

Obìnrin náà ti padà sí Orítamẹ́rin. Kò lè kiri mọ́, ẹsẹ̀ kan kúrú ju ìkejì lọ. Àbúrò rẹ̀ gbé bẹ́ǹṣì kan fún un síwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ibẹ̀ ló ń jókòó sí, igbá òwú wà lórí itan rẹ̀. Mo máa ń yà rà lọ́wọ́ rẹ̀, òwú tí mi ò fi ṣe nǹkan kan. Mo máa ń béèrè bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe é.

"Ó ti sàn, Mọ́mì," ni yóò wí.

Kò sàn. Mo ń rí i bó ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kúrò lọ́nà kí n lè rí ibi dúró sí.