Ẹkún Bàbá Mi Tó Wà Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Bí ẹ bá ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́ nílé, àwọn dúdú gbàgìdì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó búrẹ́dì, tí ẹ sì ń gbèrò láti dà á sórí síídì, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó máa wá ẹni tí owó rẹ̀ kò ní pa yín. Èmi ò bi ara mi. Mo ṣáà mọ̀ pé ìdána mi ló wà nínú tiwa, mo sì mọ̀ pé màmá mi fẹ́ wò ó, ó tán.

Ẹjọ́ kan wà nílé àwọn òbí mi ní Bódìjà tó dàgbà ju àwọn ọmọ mi lọ. Lọ́jọ́ ìdána mi, mo kúnlẹ̀ síwájú bàbá àti màmá mi kí wọ́n gbàdúrà fún mi kí n tó tẹ̀lé ọkọ lọ, bí gbogbo ọmọbìnrin ti í ṣe. Màmá mi ní bí bàbá mi ṣe gbé ọwọ́ lé mi lórí báyìí ni wọ́n bú sẹ́kún, tí fìlà já bọ́ lórí wọn, tí alága ìjókòó fi dá orin dúró. Bàbá mi ní irọ́ funfun báláú ni. Wọ́n ní ọmọ Ṣakí kì í sunkún lójú àna. Èmi tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an, aṣọ ni wọ́n fi bò mí lójú, ariwo àwọn ìyàwó ilé ò sì jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan. Àbúrò mi ọkùnrin ní òun wà lẹ́yìnkùlé nídìí ìrẹsì. Àwọn àgbà tó jókòó nítòsí ńkọ́? Àwọn kan ti lọ, àwọn tó kù ní àwọn ò dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún fi ṣẹ̀fẹ̀. Kérésìmesì kan ò lè kọjá kí màmá mi má dá a sílẹ̀, kí bàbá mi má sì bẹ̀rẹ̀ sí í búra. Àmọ́ nígbà tó yá, màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Wọ́n á gbé omi kaná, wọ́n á jáde lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Wọ́n á béèrè ọmọ mi lọ́wọ́ mi, màá dáhùn, wọ́n á tún béèrè. Dókítà ní ọjọ́ orí ni, ó ní kí a máa ṣọ́ wọn, kí a má sì jẹ́ kí ọkàn wọn pòrúúruù. Àwa wá ń ṣe òdìkejì. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, a ó bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú. Bàbá mi tí wọn kì í lè fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ á ní ẹni tí kò rántí bóyá òun ti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, ẹkún ìdána ló wá rántí. Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti màmá mi ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnnì. Wọ́n dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀yin àti bàbá yín ti jẹ́ kí ẹ̀rù orí ara mi máa bà mí," ni wọ́n wí. "Bí ẹkún yẹn ò bá ṣẹlẹ̀, a jẹ́ pé mi ò mọ ohun tí mo mọ̀ mọ́. Bá mi wá kásẹ́ẹ̀tì yẹn jáde, kó tó di pé mi ò ní rántí pé mo fẹ́ wò ó."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ẹ̀wà ni mo ń ṣa o, àmọ́ mi ò rí òkúta mọ́.

Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ wọn ni kásẹ́ẹ̀tì náà wà, láàárín kafura àti ìró léèsì tí wọn kò ró mọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìdána mi ni ẹ̀rọ fídíò ilé ti kú, bàbá mi ti ń gbé ìkòkò òdòdó lé e. Mo pe àbúrò mi ní Kánádà. Ó ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn, kí n fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, wọ́n á dá a padà láàárín oṣù díẹ̀. Nígbà tí a ro owó àlọ àti àbọ̀ pọ̀ mọ́ owó iṣẹ́, mo sọ fún un pé ó rọrùn kí n tún ìdána mi ṣe. Mo bá mú ọ̀nà Dùgbẹ̀ pọ̀n. Sítúdíò kan wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níbẹ̀, inú rẹ̀ tutù nini. Ọkùnrin tó wọ táì ní òun máa fi orin sí i, òun máa lẹ fọ́tò mi mọ́ ara páálí síídì, òun á tún fi òdòdó sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ní bàbá mi nìkan ni mo fẹ́ rí, mi ò fẹ́ òdòdó. Ó dárúkọ owó. Mo bi í bóyá ilé náà wà nínú ohun tó ń tà. Kò rẹ́rìn-ín.

Àdúgbò Agbowó ni mo ti rí ojútùú. Obìnrin kan tí a jọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ń ṣe fọ́tọ́kọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Fíìmù ló ń yá wọn wò tẹ́lẹ̀, nígbà tí fídíò ṣì wà lóde, ẹ̀rọ rẹ̀ kan sì ṣẹ́kù tó fi aṣọ bò lábẹ́ tábìlì. Wáyà kékeré kan ló fi ń so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà, ohun tí ẹ̀rọ bá ń gbé jáde, kọ̀ǹpútà á máa gbà á sílẹ̀. Òun ló sọ ìdí tó fi wọ́n níbòmíràn fún mi. Kásẹ́ẹ̀tì tó gùn ní wákàtí mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta náà ló máa fi yí, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Ìjókòó yẹn lowó ń lọ sí. Ó ní bí mo bá lè jókòó fúnra mi, kí n san owó iná àti ti síídì tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀, kí n sì gbé oúnjẹ mi dání. Díẹ̀ ló kù kí n dì mọ́ ọn.

Àmọ́ ó yẹ kásẹ́ẹ̀tì wò, ó ní ó ti bu, funfun ti ń hù létí téèpù inú rẹ̀, kò sì ní wọ inú ẹ̀rọ òun bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n gbé e síbi tó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà òun á fi òwú nù ún. Ibi tí mo ti ṣì í ni pé mo gbé e sílẹ̀ ní Bódìjà, mo sì sọ ọ̀rọ̀ náà sétí bàbá mi. Ibi tó gbẹ kẹ̀! Ọmọ Òkè-Ògùn tí wọ́n fi èlùbọ́ tọ́ dàgbà, ṣé ẹ ò mọ ibi tó gbẹ lójú tiwọn ni? Nígbà tí mo máa fi dé láti ilé mi ní Challenge lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti sá èlùbọ́ sórí páànù lẹ́yìnkùlé, kásẹ́ẹ̀tì ìdána mi wà láàárín rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó ti ká kò bí ẹja sísun. Bàbá mi ní ohun tó ń pa èébu èlùbọ́ náà ló ń pa ti fídíò. Wọ́n tiẹ̀ ní àwọn ti yí i padà kí ojú méjèèjì lè gbẹ dọ́gba. Mo ní wọ́n ṣeun, pé ó kù kí a lọ̀ ọ́.

Màmá mi ò bá wa dá sí i. Wọ́n wo páànù náà, wọ́n wọ yàrá lọ, wọn ò sì jáde wá jẹun.

Obìnrin Agbowó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní wọ́n ti gbé èyí tí omi wọ̀ wá bá òun rí, wọ́n ti gbé èyí tí èkúté jẹ wá, àmọ́ òun ò tíì rí èyí tó ní èlùbọ́ lára. Orí kó o yọ, ike ìta ló ká kò, téèpù inú rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ó tú síkúrù ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé téèpù jáde, ó fi òwú nù ún, ó sì gbé e sínú ike fíìmù kan tí kò wúlò fún un mọ́. Lẹ́yìn náà ló fa àga fún èmi àti màmá mi. Bẹ́ẹ̀ ni, màmá mi tẹ̀lé mi lọ́jọ́ náà. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wọ̀, àfi bí ẹni tó ń lọ jẹ́rìí ní kóòtù. Bàbá mi ní orúnkún ń dun àwọn, àwọn ò lè lọ.

Ẹ wá wo ìran. Èmi rèé, mo tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn mi gùn. Ọkọ mi rèé, irun wà lórí rẹ̀! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ṣe fọ́tọ́kọ́pì dúró wò wá. Màmá mi ń pe gbogbo èèyàn lórúkọ, títí kan àwọn tí èmi ti gbàgbé. Wọ́n mọ ẹni tó yá ẹni wo ní gèlè, wọ́n mọ ẹni tí kò dá a padà. Ó wá kan àdúrà. Mo kúnlẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò mí lójú. Bàbá mi dìde, wọ́n na ọwọ́ sókè orí mi. Màmá mi di ọwọ́ mi mú.

Ojú kọ̀ǹpútà ṣẹ́ wìì, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù gbàgẹ̀rẹ̀ sì yọ, tó ń ka ìròyìn. Ó ní ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀ ní Sókótó. Ó ní kí àwọn ará Kánò máa retí ooru. Ó ka ojú ọjọ́ ká gbogbo Nàìjíríà, kò fi ìlú kankan sílẹ̀. Nígbà tí ìdána mi fi máa padà dé, àdúrà ti parí, wọ́n ti ń jó, bàbá mi dúró ṣánṣán, ojú wọn gbẹ, fìlà wà lórí wọn.

Obìnrin náà mú ike tó ti ká kò, ó yí i padà. Ó ní àwọn oníkámẹ́rà máa ń ṣẹ́ ike kékeré kan kúrò létí kásẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni má baà ká nǹkan mìíràn lé e. Ojú ibẹ̀ ni ẹnìkan ti fi sẹ́lótéèpù dí. Ó ní ẹni náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, torí ta ló máa ń gba ojú ọjọ́ Sókótó sílẹ̀ láti máa wò ó?

Màmá mi wo sẹ́lótéèpù náà títí. Wọ́n wá bi mí jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́. "Ṣé kì í ṣe èmi ni mo ṣe é?"

Inú bí mi, mi ò sì rí ẹni tí màá bínú sí. A wọ takisí padà sí Bódìjà.

Bàbá mi wà ní pálọ̀, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn. Wọ́n ní báwo lẹ́jọ́ ṣe lọ sí, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ki síídì bọ ẹ̀rọ, mo sáré gbé e dé ibi àdúrà. Ọ̀gbẹ́ni olójú ọjọ́ yọ. Bàbá mi kan àtẹ́lẹwọ́ mọ́ itan, wọ́n ní ṣebí àwọn ti wí, òjò ni, kì í ṣe ẹkún.

Ìgbà náà ni màmá mi kúnlẹ̀ síwájú wọn. Bí ọjọ́ orí wọn ṣe tó, wọ́n di àga mú, wọ́n rọra kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni wọ́n wí. "Ó jọ pé èmi ni mo pa á rẹ́. Mi ò rántí mọ́."

Ẹ̀rín kú lójú bàbá mi. Wọ́n ní kí màmá mi dìde. Màmá mi ò dìde. Bàbá mi wo ilẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo ilẹ̀.

"Dìde, jọ̀ọ́. Èmi ni."

Ọ̀rọ̀ wá ń jáde díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìdána mi, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn níbi iṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì wá wo fídíò náà nílé. Nígbà tí wọ́n dé ibi ẹkún, wọ́n ní kí bàbá mi dá a padà, wọ́n tún wò ó, wọ́n tún ní kí wọ́n dá a padà. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ìyàwó ni wọ́n ń pe bàbá mi ní ọ́fíìsì, títí kan òjíṣẹ́ tó ń gbé fáìlì. Lọ́jọ́ kan tí kò sẹ́nì kankan nílé, bàbá mi lẹ sẹ́lótéèpù, wọ́n sì ká ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń ṣe lọ́wọ́ lé e. Wọ́n ní ì bá à ṣe ìkéde òkú, àwọn ì bá ti ká a. Ẹ̀fẹ̀ náà wá dùn mọ́ wọn lẹ́nu. Nígbà tí màmá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan, ojú tì wọ́n láti sọ ọ́.

"Mo sunkún," ni bàbá mi wí. "Bí o ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí. Fìlà já bọ́. Má bínú."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ kí bàbá mi sọ fún màmá mi pé kó má bínú rí. Wọn a máa ra ẹran wálé ni, ìyẹn náà sì ti jẹ́ ẹ̀bẹ̀.

Màmá mi jẹ́ kí n fà wọ́n dìde. Wọ́n jókòó, wọ́n tún ìró wọn ró. Wọ́n ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n máa rò pé mo ti ń sínwín, Bàbá. Ẹ sì ń rẹ́rìn-ín." Mo ti ń wá bí mo ṣe máa yọ́ jáde nígbà tí màmá mi yíjú sí mi, tí wọ́n ní kí n fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lára fóònù láti ya fídíò han àwọn, kí n sì kúnlẹ̀.

Mo ní kí ni? Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí bàbá mi dìde, kí wọ́n gbàdúrà. Wọ́n ní èyí tí bàbá mi pa rẹ́ yẹn, wọ́n máa san án padà. Bàbá mi ń ráhùn pé irú eré wo nìyí, àmọ́ wọ́n ti ń yọ awò ojú wọn. Èmi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìyá àgbà, tí eegun orúnkún mi ń ké, mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí. Wọ́n ní, "Olúwa, ọmọ tí o fi ta wá lọ́rẹ yìí." Wọn ò lè sọ èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹkún gba ẹnu wọn.

Fídíò náà wà lórí fóònù mi títí dòní. Òkè àjà nìkan lẹ máa rí nínú rẹ̀, torí màmá mi ti gbé fóònù sílẹ̀ kí wọ́n lè fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú ọkọ wọn. Ohùn wọn ló ń dún níbẹ̀: "Ó tó, Bàbá. Ó tó. Mo ti rí i."