Mo Jẹ̀bi Iná, Mi Ò Jẹ̀bi Kókò

Ìyá mi ní ọmọrí kan tó wúwo ju ìkòkò tó ń bò lọ. Bí ó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ àlejò lẹ́nu ọ̀nà, yóò sáré dé e lé oúnjẹ wa, yóò jókòó tì í, yóò sì máa bi àlejò léèrè àlàáfíà ilé títí onítọ̀hún yóò fi lọ. Kókò ló wà nínú ìkòkò náà. Ní ìlú wa ní Èkìtì, ẹni tó bá níṣu kì í gún kókò, ìyá mi kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé a ò níṣu. Mo dàgbà pẹ̀lú ìtìjú yẹn. Mo gbé e wá sí Ìbàdàn, mo gbé e ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo gbé e tọ́ ọmọ mẹ́ta ní Agbowó, n kò sì gún kókò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kódà, bí mo bá ń kọjá níwájú àwọn tó ń tà á ní ọjà Bódìjà, ibòmíràn ni mo máa ń wò.

Nígbà tí ọjà yí padà tí owó ò ra nǹkan mọ́, kò sí ẹni tí kò kàn. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kan, ẹgbẹ́ àwa obìnrin ìjọ wa ní Bódìjà ń ṣe ìpàdé lórí aṣọ tí a ó wọ̀ sí ìkórè. Obìnrin kan dìde, ó ní kí a má bínú, òun kò gbọ́ ohun tí a ń sọ rárá, nítorí ohun tí òun máa sè lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló gba òun lọ́kàn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, òótọ́ lobìnrin náà sọ. Mo dìde tẹ̀lé e. Mo ní kí á pa ọ̀rọ̀ aṣọ tì, kí á máa pàdé láàárọ̀ Sátidé nínú ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, kí ẹni tó bá mọ oúnjẹ tí kò wọ́n wá kọ́ àwa tó kù.

A kò kọ òfin kankan sílẹ̀, àfi ẹyọ kan tí gbogbo wa há sórí: ẹni tó bá sè é ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lójú wa, yóò sì sọ ẹni tó kọ́ ọ, kó tó bu fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo mú òfin yìí wá. Mo ti rí àwọn kan tí wọ́n ń kọ́ tálákà ní oúnjẹ tí àwọn fúnra wọn ò jẹ́ fẹnu kàn, n kò sì fẹ́ irú ẹ̀ láàárín wa.

Báyìí ni a ṣe kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀wà sóyà lílọ̀ lú ẹ̀gúsí kí ọbẹ̀ lè pọ̀, bí ìrù àti ṣàwá yíyan ṣe lè bo àṣírí ìkòkò tí kò lẹ́ran, àti bí a ṣe ń se ẹ̀wà láì jẹ́ kó mu gáàsì tán. Ti gáàsì yìí ló dùn mọ́ mi jù. O óò rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, o óò gbé e kaná títí yóò fi hó dáadáa, o óò pa iná, o óò wá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ìkòkò náà pinpin. Ooru inú rẹ̀ ni yóò parí iṣẹ́. Kò pẹ́ tí mo fi di ajíhìnrere bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ìrẹsì, mo wé e. Àgbàdo, mo wé e. Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Ring Road wá kí mi, ó ní ẹ̀rù ń ba òun láti sùn lọ sórí àga, kí n má baà wé òun náà.

Aránṣọ kan wà láàárín wa, opó tí kò tíì dàgbà, tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Challenge. Ọmọ méjì ló ń dá tọ́. Òun náà ni olóhùn iyọ̀ ẹgbẹ́ akọrin wa. Bí orin bá dé ibi tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ dá gbé e, òun ni. Kì í pa Sátidé jẹ, nítorí ohun tó bá kọ́ níbẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ títí ọ̀sẹ̀ fi ń parí. Lọ́jọ́ kan, ó bi wá pé kí ni òun lè gún fún wọn, nítorí wọ́n ń sunkún iyán, iṣu sì ti di ohun tí òun kàn ń kí lọ́jà. Mo mọ ìdáhùn, mo gbé e mì. Ìdáhùn náà wà nínú mi fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, inú sì ń bí mi sí ara mi. Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là á jẹ̀kọ. Wọn ò tilẹ̀ dárúkọ kókò, bíi pé ìyá tiwọn náà ti sáré dé ọmọrí lé e. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo gbé kókò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tó bá jẹ kókò dàgbà mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí à ń fi iná ṣahun fún. Bí kò bá jinná dénú, yóò máa yún ni lọ́fun bí ẹni gbé wèrèpè mì. Mo mọ̀ ọ́n. Ìyá mi a máa pààrọ̀ omi rẹ̀, a sì tún máa sè é lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn obìnrin náà rí i pé kókò ò wọ́n, iná rẹ̀ náà ò sì wọ́n. Mo jẹ́ kó hó, mo pa iná, mo wé e. Nígbà tó rọ̀ lójú mi, a bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Mo kọ́kọ́ jẹ gẹ́gẹ́ bí òfin, mo sáré gbé òkèlè mẹ́ta mì, nítorí ojú ṣì ń tì mí. Wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní inú fóònù ni mo ti rí i.

Kókò kì í yún ni lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń dúró kí gbogbo ènìyàn bu tiwọn ná. Ẹni àkọ́kọ́ wúkọ́, ẹni kejì fọwọ́ mú ọrùn, kò sì pẹ́ tí obìnrin mọ́kànlá fi ń lá epo pupa nínú ilé ìdáná Ọlọ́run, tí omijé ń bọ́ lójú wọn. Márùn-ún nínú wọn jẹ́ akọrin. Lọ́jọ́ kejì, orin tí wọ́n ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù tó kọjá dé ibi tí aránṣọ náà gbọ́dọ̀ dá gbé. Ó la ẹnu, ohun tó jáde kò jọ orin. Ó jókòó. Mo rí i tó fi ìwé orin bojú, n kò sì lè gbójú sókè títí a fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Ìyá Ẹgbẹ́, tó jẹ́ olórí gbogbo àwa obìnrin, ń gbé ní Olúyọ̀lé. Wọn kì í wá sí ìdáná Sátidé, wọn ò sì fìgbà kan fẹ́ràn rẹ̀. N kò ní purọ́ mọ́ wọn: wọ́n lawọ́, wọ́n máa ń fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí aláìsàn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí ẹni tí ebi ń pa jókòó sílé kí àwọn máa fún un. Pé kó dìde, kó wá kọ́ bí yóò ṣe bọ́ ara rẹ̀ lójú gbogbo ayé, ìyẹn ni kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n pe ìpàdé. Wọ́n ní a ti sọ ìjọ di ẹlẹ́yà, pé láti Bódìjà dé Onírèké ni wọ́n ti ń pè wá ní ìjọ olóúnjẹ ebi. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ìdáná, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ẹnì kan yóò máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti kọ́ wa ní kéèkì. Kí n wá dìde, kí n tọrọ àforíjì, kí n sì ṣèlérí pé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ò ní wọ ilé Ọlọ́run mọ́.

Mo dìde. Àṣìṣe ò kan ọgbọ́n, ẹ̀bẹ̀ sì tọ́ sí àwọn tí mo bà lóhùn jẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún àwọn akọrin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tí mo lè bí. Lẹ́yìn náà, mo dìde dúró, mo kọjú sí Ìyá Ẹgbẹ́.

“Mo jẹ̀bi iná, Mà,” ni mo wí. “Mi ò jẹ̀bi kókò. Irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ náà, kì í ṣe inú fóònù ni mo ti rí i. Òun ni ìyá mi fi tọ́ mi dàgbà, òun náà ni mo sì máa tún sè.”

Wọ́n bi mí bóyá mo gbọ́ pé ilẹ̀kùn ti tì. Mo ní ilẹ̀kùn ìdáná mi ní Agbowó ò tì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wo gbogbo gbọ̀ngàn yíká, wọ́n ní ta ni yóò tún la ẹnu gbà á lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó wò mí. Àwọn tí a jọ ń fi ìrù tún ọbẹ̀ ṣe láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn ń wo bàtà wọn. Ó dùn mí, n kò lè parọ́. Ìgbà náà ni aránṣọ yẹn dìde, ohùn rẹ̀ ṣì ha.

“Èmi ni, Mà. Màá jẹ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí n tó wá kọrin. Bí ohùn mi ò bá jáde, màá bọ́ aṣọ akọrin sílẹ̀, ẹ ò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdáná lẹ́nu wa mọ́. Bó bá jáde, ẹ fún wa ní kọ́kọ́rọ́ wa.”

Ìyá Ẹgbẹ́ ní àwọn gbà, gbogbo ìpàdé sì gbọ́. N kò bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe é. Bí a ṣe jáde ni mo fà á sẹ́yìn, mo ní kó lọ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, kí n wá ọ̀nà mìíràn. Ó ní rárá. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé òun ti gún kókò fún àwọn ọmọ òun láàárín ọ̀sẹ̀, pé òun sè é pẹ́, wọ́n sì sùn láì sunkún? Orin ni ohun kan ṣoṣo tí ikú ọkọ rẹ̀ kò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kó o lé mi lọ́wọ́ nítorí kókò. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ Ìsinmi, àyà mi kò balẹ̀.

Ìrun àárọ̀ ni wọ́n ń pè nígbà tí mo gbé kókò kaná. Omi àkọ́kọ́ ni mo dà nù tí gáàsì fi tán. Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣépè fún un, mo sáré lọ kan ilẹ̀kùn Àlhájà onílé wa, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé, tó ní àdògán àti èédú. Wọ́n ti kírun tán. Wọ́n wo ìkòkò, wọ́n wò mí, wọ́n ní láti ọdún yìí wá tí mo ti ń gbé ilé àwọn, àwọn ò mọ̀ pé mò ń jẹ kókò. Mo ní èmi náà ò mọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ iná náà fún mi fúnra wọn, wọ́n sì ní kí n má ṣe gbàgbé tàwọn.

Nígbà tí aránṣọ náà bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ máíkírà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, mo ti gún un, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ sì ti délẹ̀. Mo kọ́kọ́ jẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò kánjú. Mo jẹ òkèlè mẹ́ta, mo dúró, mo ń wo aago ara ògiri, àwọn náà ń wò mí, àwọn ọmọ ń gbé itọ́ mì. Mo dúró títí ó fi ju ti ọjọ́ epo pupa lọ dáadáa. Ọ̀fun mi dákẹ́. Mo wá sọ ẹni tó kọ́ mi. Mo ní ìyá mi ni, nígbà tí a ò níṣu, mo sì sọ ti ọmọrí fún wọn, bó ṣe ń sáré dé e. Aránṣọ náà fọ ọwọ́, ó jẹ, àwọn ọmọ jẹ, èyí àbúrò sì béèrè òmíràn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Ẹgbẹ́ jókòó sí ìlà iwájú. Mo mọ̀ọ́mọ̀ lọ jókòó sẹ́yìn wọn gan-an. Nígbà tí orin dé ibẹ̀, aránṣọ náà dìde, ó gbé e. Ohùn náà jáde kedere, ó lọ sókè dé ibi tó yẹ kó dé, ó dúró níbẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó wù ú. Àwọn obìnrin Sátidé pàtẹ́wọ́ kí orin tó parí, ohun tí a kì í ṣe ní ìjọ wa. Mo sunkún, n kò sì fi nǹkan kan bojú.

Lẹ́yìn oore-ọ̀fẹ́, Ìyá Ẹgbẹ́ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n mú ìlérí wọn ṣẹ, n ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ náà sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n má fi gáàsì ṣahun mọ́. Mo ní mo gbọ́, kí àwọn náà má fi ilẹ̀kùn ṣahun mọ́. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì wá jẹun lọ́dọ̀ wa títí di òní, n kò sì dúró dè wọ́n.

Kókò ni a kọ́kọ́ sè ní Sátidé tó tẹ̀lé e. Àwọn tí wọ́n wo bàtà lọ́jọ́ ìpàdé wà níbẹ̀, n kò bá wọn jà. Ọ̀kan nínú wọn ló bá mi gún un. Mo ṣí ilẹ̀kùn tó kọjú sí títì sílẹ̀ gbayawu. Bí mo ṣe ń bù ú lọ́wọ́, mo gbọ́ ẹsẹ̀ àlejò lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí, ó ń béèrè ohun tí a ń sè. Ọwọ́ mi kò wá ọmọrí. Mo ní kókò ni, kó wọlé wá jẹ.